Ìkòkò Aró Tó Sọ̀kalẹ̀ ní Òkè Máwẹ̀yìn

Jíà tá a fi gòkè la fi ń sọ̀kalẹ̀. Kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ òwe yìí rí. Ìyá ọkọ ń pa á fún ìyàwó, ọ̀gá ń pa á fún ọmọ iṣẹ́, kódà àwọn tí kò fọwọ́ kan sìtíárìn rí láyé wọn, ẹnu wọn ló wà. Ṣùgbọ́n ta ló mọ gbòǹgbò rẹ̀? Bóyá ẹ rò pé àwọn awakọ̀ ló jókòó sí gáréèjì níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ̀pà, tí wọ́n hun ún. Ó tì o! Ìdí ìkòkò ló ti yọ. Ìkòkò aró kan báyìí, tó rí rọ̀gọ̀dọ̀ bí aboyún tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ti pé, òun ló bí òwe yìí fún wa. Ẹ gbọ́ bó ṣe bí i.

Ìlámọ̀ ni orúkọ ìlú náà, téńté orí òkè ló wà. Amọ̀ ibẹ̀ pupa fòò, ó ń fà bí iyán tó kúnná, ìkòkò sì ni gbogbo obìnrin ìlú náà ń mọ. Wọ́n ń mọ ìṣasùn, wọ́n ń mọ àmù, wọ́n ń mọ ìkòkò ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n ọjà tí wọ́n ti ń tà á wà nísàlẹ̀ pátápátá, ní Ìsàlẹ̀-Odò, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì já síbẹ̀. Ọ̀nà náà gba ara òkè tí wọ́n ń pè ní Máwẹ̀yìn. Apá ọ̀tún òkúta, apá òsì ọ̀gbun, ó wá ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ bí ìfun ewúrẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá bojú wẹ̀yìn níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ni yóò ti parí ìwòran rẹ̀.

Àwọn awakọ̀ Ìlámọ̀ wá ní àṣà kan. Bí ọkọ̀ wọn bá ti dé góńgó òkè, tó kan sísọ̀kalẹ̀, wọn a fa jíà sí fíríì, wọn a pa ẹ́ńjìnnì, wọn a jẹ́ kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀. Wọ́n ní òkè ti jẹ epo àwọn nígbà tí àwọn ń gùn ún, ó yẹ kó ṣe àwọn ní sàárà nígbà tí àwọn bá ń sọ̀kalẹ̀. "Jíjẹ sàárà òkè" ni wọ́n ń pè é. Awakọ̀ tí kò bá jẹ sàárà òkè, ọ̀dẹ̀ ni lójú wọn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí kò sí nínú jíà dà bí ewúrẹ́ tí wọ́n tú okùn ọrùn rẹ̀, búréèkì nìkan ló kù tí yóò máa lé e kiri. Bí wọ́n bá dé kọ̀rọ̀, awakọ̀ á tẹ búréèkì gì, ìkòkò á forí gbá ìkòkò, gbà! Ẹ bá wo ẹ̀bá ọ̀nà Máwẹ̀yìn nígbà náà, àpáàdì ló kún ibẹ̀ bí èèpo ẹ̀pà.

Ọba àwọn alásàárà ni Lájíde. Ọkùnrin náà lẹ́rìn-ín lẹ́nu, ó lawọ́, ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ò mọ pẹ̀lẹ́. Bọ́ọ̀sì rẹ̀ ló ń kó èrò, òun náà ló ń kó ìkòkò. Ìbídùnní sì ni ìyàwó ilé wọn, nítorí pé Àrẹ̀mú Agbégẹdú tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Lájíde ló fẹ́ ẹ. Nígbà tó jẹ́ pé ó bá Lájíde nílé ọkọ ni, kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ó wá sọ ọ́ ní Ẹlẹ́sẹ̀-Afẹ́fẹ́. Inú Lájíde dùn sí orúkọ yìí púpọ̀, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì òun. Kò mọ̀ pé ìyàwó fi ń bú òun díẹ̀ ni.

Ọkọ̀ gẹdú ni Àrẹ̀mú fi ìgbà èwe rẹ̀ wà, igi ràbàtà-ràbàtà ló ń gbé jáde láti inú igbó. Ìbídùnní máa ń bá a lọ láti dáná fún un, ibẹ̀ ló ti kọ́ ọkọ̀ wíwà. Etí ni Àrẹ̀mú fi kọ́ ọ.

"Gbọ́ ẹ́ńjìnnì," á ní. "Ohùn tó fi ń kọrin nígbà tó ń gòkè, ohùn yẹn náà ni kó máa fi kọrin nígbà tó bá ń sọ̀. Bó bá dákẹ́ mọ́ ọ lẹ́nu, fura. Igi tó wà lẹ́yìn wa yìí ò ní sùúrù."

Ẹ̀kọ́ tó gba inú orin wọlé, ibo ni yóò gbà jáde lára Ìbídùnní? Orin ló gbé wáyé. Ó ń kọrin nídìí iná, ó ń kọrin lódò, ó kọrin ní gbogbo ọjọ́ tí eyín fi ń dùn ún, títí àwọn ará ilé fi bẹ̀ ẹ́ pé kó sunkún bíi ti ẹlòmíràn. Nígbà tí ojú Àrẹ̀mú wá ṣú, tí kò ríran dáadáa mọ́, ó ta ọkọ̀ gẹdú, ó ra píkọ́ọ̀pù kékeré kan, Ìbídùnní sì ń fi í ru igi ìsunkòkò gòkè wá fún àwọn amọ̀kòkò. Òfìfo ọkọ̀ ló máa ń wà sọ̀kalẹ̀ lọ wá igi. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó bìkítà nípa bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀.

Àfi Ìyálámọ̀ nìkan.

Ìyálámọ̀ ni olórí àwọn amọ̀kòkò. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Aláró, ń rẹ aṣọ láró ní Ìsàlẹ̀-Odò. Ìkòkò aró Ìyá Aláró là sí méjì lọ́jọ́ kan, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi dúrọ́ọ̀mù onírọ́bà ṣiṣẹ́. Aró kọ̀, kò dú. Aṣọ ń jáde láwọ̀ ojú ọjọ́ tó ṣú tí kò rọ̀. Ó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyálámọ̀ mọ ìkòkò tuntun, ó gbé e sínú bọ́ọ̀sì Lájíde, Lájíde jẹ sàárà, ìkòkò dé ìsàlẹ̀ ní àpáàdì. Ìyálámọ̀ tún mọ òmíràn. Lájíde tún jẹ sàárà. Ìyá Aláró bá ní kí wọ́n bá òun jíṣẹ́ padà: "Ẹ kí ẹ̀gbọ́n mi fún mi o. Ẹ ní iná tó wà nílé mi ò tó àpáàdì tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí mi."

Gbogbo Ìlámọ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyálámọ̀ náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló wọ yàrá lọ sunkún. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ìkẹta tó mọ, ìjàkadì ni. Bí ọwọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á fi í sẹ́yìn, á dúró. Bó bá rọlẹ̀, á tún lẹ amọ̀ díẹ̀ mọ́ ọn. Ó fi gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ṣe é. Nígbà tí wọ́n sun ún tán, ìkòkò náà jáde nínú iná, ó pupa, ó ń dán, kò ní àléébù kan lára. Ìyálámọ̀ wò ó títí, ó ránṣẹ́ pe Ìbídùnní.

"Ìwọ ni wàá gbé e," ó ní.

"Èmi kẹ̀, Yèyé? Ọkọ mi Ẹlẹ́sẹ̀-Afẹ́fẹ́ ló ń gbé ìkòkò yín."

"Méjì ló ti gbé. Wo ọwọ́ mi." Ìyálámọ̀ na ọwọ́ méjèèjì síwájú, wọ́n ń gbọ̀n bí ewé orí omi. "Ìyá mi ló kọ́ ọwọ́ yìí níṣẹ́. Ó ti ṣe èyí tó lè ṣe. Bí ìkòkò yìí bá fọ́, kò sí òmíràn mọ́ títí ayé, àbúrò mi ò sì ní padà rẹ aró tó dú mọ́."

Ìbídùnní sún sẹ́yìn. "Yèyé, igi ni mò ń rù. Bí igi bá ṣubú, igi náà ni a óò ṣà. Kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi ń gbé irú ẹ̀rù báyìí lé mi lọ́wọ́?"

"N kò rí nǹkan kan, mo gbọ́ ni. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni ilé mi wà. Àwọn yòókù bá ń sọ̀kalẹ̀, n kì í gbọ́ ohunkóhun, àfi 'gbà!' Tìrẹ máa ń kọrin lọ dé ìsàlẹ̀ ni. Ohun tó bá ń kọrin kì í fọ́ ìkòkò."

Ìbídùnní gbà láti gbé e.

Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, wọ́n tẹ́ koríko gbígbẹ sí ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù bí ẹni tẹ́ ibùsùn ìyàwó. Wọ́n gbé ìkòkò aró sí àárín, wọ́n to àwọn ìṣasùn kéékèèké yí i ká, wọ́n sì di koríko ní ìdì ńláńlá, wọ́n so ó mọ́ ìdí ọkọ̀ lẹ́yìn. Ìyálámọ̀ kọ̀, kò jókòó níwájú. Ó wọ ẹ̀yìn, òun àti àwọn amọ̀kòkò bíi mélòó kan, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó gbá ìkòkò rẹ̀ mọ́ra.

Bọ́ọ̀sì Lájíde wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń dúró de èrò. Lájíde yọrí síta.

"Ìyàwó wa! Ta lẹ dì sínú koríko yẹn? Ṣé aláìsàn ni?"

"Ìkòkò ni, ọkọ mi."

"Háà! Ìkòkò tó ń gun ibùsùn! Ó dáa, ẹ máa rọra wọ́ bí ìgbín. Kẹ́ ẹ tó dé kọ̀rọ̀ kejì, n ó ti kọjá yín, n ó ti jẹ ẹ̀bà tán nísàlẹ̀, n ó ti yọ ẹran nínú eyín."

"Ẹ máa jẹ ẹ, ọkọ mi. Ẹ̀yin alásàárà lẹ ń jẹun lójú ọ̀nà."

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Lájíde náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ta á díẹ̀. "Ẹ bá mi bi í léèrè," ó ní. "Ta ló ń fi jíà sọ̀kalẹ̀? A ti gun òkè tán! Kí la tún ń wá nínú jíà?"

"Àkàbà tẹ́ ẹ fi gun orí àjà," ni Ìbídùnní dá a lóhùn, "ṣé ẹ máa ń tì í ṣubú kẹ́ ẹ tó sọ̀kalẹ̀ ni?"

Èrò bú sẹ́rìn-ín, ó di yẹ̀yẹ́. Lábẹ́ igi odán tó wà ní góńgó òkè, Àrẹ̀mú Agbégẹdú jókòó sórí àga rẹ̀, ojú rẹ̀ tó ti ṣú kọjú sí ọ̀nà. Ìbídùnní kúnlẹ̀ kí i.

"Ó dàbọ̀, olówó orí mi."

"Máa lọ," ni Àrẹ̀mú wí. "N ó máa gbọ́ ọ."

Ìbídùnní wọkọ̀. Nígbà tó dé ibi tí òkè ti fẹ́ dorí kodò, ó dá ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Ìyálámọ̀ kígbe láti ẹ̀yìn pé kí ló ń dúró dè.

"Yèyé, nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọge, bẹ́ ẹ bá ru omi gòkè, irú ẹsẹ̀ wo lẹ fi ń gbé?"

"Ẹsẹ̀ kéékèèké ni."

"Bẹ́ ẹ bá wá rù ú sọ̀kalẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ kéékèèké náà ni. Bí mo bá tú ẹsẹ̀ sílẹ̀, omi á dà, orí á fọ́."

"Jíà kejì ni ẹsẹ̀ kéékèèké ọkọ̀ yìí. Òun ló fi gòkè wá. Ibí ló yẹ ká ti fi ẹsẹ̀ náà lé ilẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí òkè bá ti gbá wa mú."

Ó fi í sí jíà kejì, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná ọkọ̀, ó sì rọra gbé e kúrò lórí kúlọ́ọ̀ṣì. Òkè fa ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì fà á padà. Ó ké: ìn-ìn-ìn-ìn! Ohùn tó fi gòkè gan-an ni. Ìbídùnní wá ohùn náà kàn lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, ó bá a gbé orin:

Má kánjú, má kánjú, òkè ò lọ ibì kan.

Àwọn obìnrin ẹ̀yìn gbè é:

Òkè ò lọ ibì kan.

Ibi a fi í sí lánàá la bá a lónìí o.

Òkè ò lọ ibì kan.

Ohun tó gbé wa gòkè, ẹ má jẹ́ kó sùn o.

Òkè ò lọ ibì kan.

Báyìí ni wọ́n ń bá a lọ. Wọ́n dé kọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ọkọ̀ yípo bí ẹni ń jó. Ẹsẹ̀ Ìbídùnní ò kan búréèkì. Ìkòkò ò mì. Ìyálámọ̀ tú ọwọ́ kan sílẹ̀ lára ìkòkò, ó fi ń jó lórí ìjókòó. Wọ́n dé kọ̀rọ̀ kejì, wọn ò tíì rí Lájíde. Ọ̀kan nínú àwọn amọ̀kòkò ní bóyá ẹ̀bà ti há a lọ́rùn.

Wọ́n kọjá kọ̀rọ̀ kejì díẹ̀ ni òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ta sí wọn nímú. Òórùn náà dà bíi ti rọ́bà tó bọ́ sínú iná. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ fèrè ọkọ̀, kì í ṣe fèrè ẹni tó ń tọrọ ọ̀nà, fèrè ẹni tó ń ké ni. Ìbídùnní wo inú díńgí. Bọ́ọ̀sì Lájíde ló yọ, kò sí ariwo ẹ́ńjìnnì nínú rẹ̀ rárá, èéfín ń jáde lẹ́sẹ̀ táyà, Lájíde ń fi ọwọ́ kan juwọ́ lóde bí ẹni ń lé eṣinṣin, àwọn èrò sì ń pe orúkọ Olúwa pẹ̀lú onírúurú ohùn. Ó ti tẹ búréèkì láti òkè wá títí búréèkì fi gbóná, tó rọ̀ jọ̀ọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò dì. Ó fẹ́ fi ọkọ̀ sí jíà nísinsìnyí, jíà kò wọlé mọ́, eré náà ti pọ̀ jù.

Níwájú, Kọ̀rọ̀ Ọ̀bọ ló kù. Òun ló burú jù ní Máwẹ̀yìn, ọkọ̀ tí kò bá lè rìn pẹ̀lẹ́ níbẹ̀, inú ọ̀gbun ló ń lọ tààrà.

Àyè díẹ̀ wà lápá ọ̀tún lẹ́bàá òkúta. Bí Ìbídùnní bá yà síbẹ̀, Lájíde á kọjá, ìkòkò á yè, Ìyálámọ̀ á yè. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì náà, àárọ̀ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọkàn rẹ̀ sọ pé ìkòkò. Ọkàn rẹ̀ tún sọ pé èèyàn. Bí wọ́n bá jọ dé ìsàlẹ̀ ńkọ́?

Kò yà. Ó tẹ iná!

"Ìbídùnní!" ni Ìyálámọ̀ pariwo. "Ìwọ náà ti fẹ́ jẹ sàárà ni?"

Kò sí àyè àlàyé. Orin tó wà lẹ́nu rẹ̀ náà ló fi dá wọn lóhùn:

Àlejò ń bọ̀ lẹ́yìn o, ẹ di ìkòkò mú!

Àwọn obìnrin bojú wẹ̀yìn, wọ́n rí àlejò, wọ́n di ìkòkò mú. Ẹ wo bí wọ́n ṣe dì í mú! Wọ́n fi apá dì í, wọ́n fi orúnkún dì í, ọ̀kan fi àyà lé e bí ìyá tó fẹ́ fọ́mọ lọ́mú. Wọn ò sì gbàgbé ègbè: Òkè ò lọ ibì kan!

Píkọ́ọ̀pù sáré díẹ̀ títí eré rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti bọ́ọ̀sì mu, kí ó má baà jẹ́ ìkọlù, kó jẹ́ ìfarakanra. Imú bọ́ọ̀sì bọ́ sínú ìdì koríko. Gbì! Nǹkan kan ṣẹ́ ní kékeré nínú àwọn ìṣasùn. Kò sẹ́ni tó wò ó. Ìbídùnní gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná. Ẹ́ńjìnnì ké, ó na ara, ó di ọkọ̀ méjèèjì mú bí ẹni di màlúù tó já okùn mú níbi ìrù, ṣùgbọ́n ẹrù náà wúwo, òkè ṣì ń borí. Jíà kejì kò tó.

Jíà kìíní ló kù. Ẹni tó bá sì fẹ́ bọ́ láti kejì sí kìíní gbọ́dọ̀ tẹ kúlọ́ọ̀ṣì, bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yẹn, kò sí ohun tó di ọkọ̀ mú mọ́. Ìbídùnní tẹ̀ ẹ́. Ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Ó fi ẹsẹ̀ ta iná díẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè sáré bá ọkọ̀, ó ti jíà síwájú, jíà wọlé, kà! Ó wá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kúlọ́ọ̀ṣì bí ẹni tó ń gbé ọmọ tó ti sùn sílẹ̀ lórí ẹní.

Ẹ́ńjìnnì figbe bọnu. Ohùn rẹ̀ lọ sókè réré, Ìbídùnní gbé orin tẹ̀ lé e sókè níbẹ̀, àwọn obìnrin gbé ègbè tẹ̀ lé Ìbídùnní, àwọn èrò inú bọ́ọ̀sì, tí wọn ò mọ ohun tó ń lọ, àwọn náà bá wọn gbè é! Òkè ò lọ ibì kan! Òkè ò lọ ibì kan! Eré rọlẹ̀. Ó tún rọlẹ̀. Nígbà tí Kọ̀rọ̀ Ọ̀bọ yọ, ọkọ̀ méjèèjì ń rìn bí arúgbó tó ń lọ sí ìsìn. Ìgbà náà ni Ìbídùnní ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹsẹ̀ kan búréèkì tirẹ̀. Búréèkì náà tutù bí omi àmù, nítorí pé kò tíì lò ó láti òkè wá. Ó gbà. Wọ́n dúró.

Àwọn èrò tú jáde bí èèrà, wọ́n ń gbé òkúta sábẹ́ táyà bọ́ọ̀sì. Àwọn kan ń dọ̀bálẹ̀ fún píkọ́ọ̀pù. Lájíde sọ̀kalẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó dé ẹ̀yìn ọkọ̀, ó dúró, ó ń wo ìkòkò.

Ìyálámọ̀ wò ó láti òkè délẹ̀. "Kí lo dúró ń wò? Wọlé. Méjì lo ti fọ́ fún mi, wá gbá ìkẹta mọ́ra."

Lájíde gun ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù láàárín àwọn obìnrin, ó na ẹsẹ̀, ó gbá ìkòkò mọ́ àyà, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn. Bó ṣe gbá a mọ́ra dé ìsàlẹ̀ nìyẹn, bí wọ́n bá sì ti gbé orin, Ìyálámọ̀ á fi ìgbúnwọ́ gún un ní ìhà pé kó gbè é.

Ní Ìsàlẹ̀-Odò, ìròyìn ti ṣáájú wọn. Ọjà tú. Wọ́n gbé ìkòkò sọ̀ síwájú ilé Ìyá Aláró. Ọmọrí ìṣasùn kan ṣoṣo ló fọ́ nínú gbogbo ẹrù náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìkòkò mọ̀ pé ojú kọ́ ló ń rí ìkòkò tó sán. Ó lè dára lójú kó ti là nínú. Ẹ kàn án ní ìka ni, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Èyí tó bá ti sán, gbà-gbà ni yóò dún bí igbá gbígbẹ.

Ìyá Aláró kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ká ìka kan. Gbogbo ọjà na etí. Ìyálámọ̀ di ojú, ó fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n di apá Ìbídùnní mú.

Ìyá Aláró kan ìkòkò.

Gbìn-ìn-ìn-ìn-ìn!

Ó dún bí aago. Ó dún dé etí odò. Igbe ayọ̀ tó sọ lọ́jà ọjọ́ náà, ẹyẹ ò bà sórí igi títí oòrùn fi kan àtàrí. Ìyá Aláró dì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni n ó wá máa gba àpáàdì lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí?" Ẹkún àti ẹ̀rín ni wọ́n fi ń jó. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé aṣọ jáde nínú ìkòkò náà, ó dú bí ọ̀gànjọ́, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ìbídùnní pé kó fi ró ìró.

Lójú ọjà níbẹ̀ ni Lájíde ti wá bá Ìbídùnní, ó rọra bi í léèrè: "Ìyàwó wa, mo bẹ̀ yín. Irú búréèkì wo lẹ fi sínú ọkọ̀ yẹn?"

"Búréèkì kọ́, ọkọ mi," ni Ìbídùnní wí. "Jíà tí mo fi gòkè náà ni mo fi sọ̀kalẹ̀."

Ìyálámọ̀ gbọ́ ọ. Ẹnu rẹ̀ ò sì ní ìlẹ̀kùn. Ó sọ ọ́ di orin lójú ẹsẹ̀: Jíà tá a fi gòkè o, òun la fi ń sọ̀kalẹ̀! Ọjà gbà á, wọ́n kọ ọ́ gòkè padà dé Ìlámọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí awakọ̀ tó tún jẹ sàárà òkè mọ́, koríko hù bo àpáàdì ẹ̀bá ọ̀nà. Lájíde pa orúkọ tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀sì rẹ̀ rẹ́. Ìbídùnní ti fún un ní tuntun: Ẹlẹ́sẹ̀-Pẹ̀lẹ́.

Nígbà tí Ìbídùnní dé góńgó òkè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà náà, ó bá Àrẹ̀mú lábẹ́ igi odán.

"Kí ló gbé ọ bọ́ sí jíà kìíní?" ni Àrẹ̀mú bi í.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ohùn yín lọ sókè lójijì, ìwọ àti ẹ́ńjìnnì. Mo dìde dúró. Nígbà tí mo gbọ́ pé ẹ ò dákẹ́, mo tún jókòó."

Ìdí òwe náà nìyẹn. Bí ẹ bá wá gbọ́ tí àgbà ń pa á, ẹni tí wọ́n ń pa á fún ti gòkè ná. Bóyá sùúrù ló fi kọ́ iṣẹ́, ó wá di ọ̀gá, ó fẹ́ máa kánjú. Bóyá ìrẹ̀lẹ̀ ló fi fẹ́ ìyàwó, ìyàwó wọlé tán, ó fẹ́ máa pàṣẹ. Bóyá ìṣọ́ra ló fi kó ọrọ̀ jọ, ó rò pé ohun tó kù ni kó tú ọwọ́ sílẹ̀ kí ayé máa yí i lọ ní ọ̀fẹ́. Àgbà á pè é sún mọ́ra, á ní: ọmọ mi, jíà tá a fi gòkè la fi ń sọ̀kalẹ̀. Bí àgbà náà bá sì jẹ́ obìnrin Ìlámọ̀, kò ní lè dá a dúró síbẹ̀, á fi orin sí i: Ohun tó gbé wa gòkè, ẹ má jẹ́ kó sùn o.